Ẹ Bá Wa Wá Ọ̀nà Tó Bàjẹ́

Àìsàn tuntun kan ti wọ àárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ epo ní Energy Corridor, ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn yẹn ti di ọmọ onílé. Àárọ̀ Sátidé ni èyí máa ń dìde. Ọkùnrin tó fi odindi ọ̀sẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń wo àwòrán abẹ́ òkun lórí kọ̀ǹpútà, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, á gbé kúlà sẹ́yìn jíìpù, á ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń wọgbó lọ. Kí ni wọ́n ń wá lọ? Ọ̀nà tó bàjẹ́.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀nà gidi wọ́n wọn. Katy Freeway ló la àdúgbò wọn kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹ̀ ẹ́ tán lọ́dún 2008, ó ti jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là, ibì kan sì wà lára rẹ̀ tí ọkọ̀ 26 lè tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a bá ka ọ̀nà etí rẹ̀ mọ́ ọn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìkan ló jọ tilé. Bóyá àárò ló ń sọ wọ́n.

Jeep Wrangler Rubicon ni ọkọ̀ tí gbogbo wọn ń rà, èyí tí wọ́n fi orúkọ ọ̀nà olókùúta kan ní California sọ. Wọ́n á tún gbé e sókè sí i, wọ́n á de táyà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ ọn, wọ́n á fa ọ̀pá kan gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lọ sókè kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí bí ọkọ̀ bá wọ odò. Odò tó sì ń wọ̀ jù ni ibi ìfọkọ̀. Ìyàwó ilé tó wé gèlè, tó ń lọ òde àríyá, àfi kí wọ́n gbé àpótí sílẹ̀ fún un kó tó lè gùn ún.

Igbó ìjọba tó wà lápá àríwá ìlú ni Sam Houston National Forest, igbó páìnì tó ju 160,000 éékà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró inú rẹ̀, alùpùpù àti ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n là á fún. Jíìpù bàràkàtà kò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé bí òjò bá rọ̀ gan-an tí ọ̀nà náà sì di ẹrẹ̀, àwọn olùtọ́jú igbó a máa tì í pa kí táyà má baà bà á jẹ́. Ọjọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tì í mọ́ àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà tó bàjẹ́.

Ni wọ́n bá forí lé ilẹ̀ aládàáni, níbi tí onílẹ̀ ti fi katakata gbẹ́ kòtò, tó da omi sí i, tó wá ń gbowó lẹ́nu géètì. Wọ́n á fọwọ́ síwèé pé bí àwọn bá kú, àwọn kò ní pè é lẹ́jọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á lóṣòó ti táyà, géèjì lọ́wọ́, wọ́n á máa jo afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti 35 wá sí 18, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kó di ilẹ̀ mú. Ọgbọ́n gidi ni, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n fọkanáísà Ìwó Road tó bá rí i á bú sẹ́kún.

Bàbá kan tó wá kí ọmọ rẹ̀ bá wọn lọ. Agbégilódò ni Bàbá yìí wà láyé ọjọ́un, ó ń kó gẹdú láti igbó Ọ̀rẹ̀ wá sí Òkò Bàbá, ní Èbúté Mẹ́ta. Ó wo kòtò, ó wo ọmọ.

"Ta ni alága káńsù yín?"

"Bàbá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ ni."

"Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ta ni alága?"

Nígbà tí jíìpù àkọ́kọ́ rì dé ilẹ̀kùn, ìdùnnú ṣubú layọ̀, oníkálukú ń ya fọ́tò. Bàbá ti ń ṣẹ́ igi tí yóò ki sábẹ́ táyà. Kò yé e pé fàájì ló fẹ́ bà jẹ́. Nígbà tirẹ̀, bí ọkọ̀ bá rì, inú igbó ni òun àti ọmọ mọ́tò tó ń gbé wẹ́ẹ̀jì máa sùn mọ́jú, ẹlẹ́gẹdú á sì yọ owó ọjọ́ náà. Ẹrẹ̀ tó bá ní inṣọ́ránsì, tó ní wáyà ìfà lẹ́nu ọkọ̀, tí omi gbígbóná sì ń dúró de èèyàn nílé, eré ni.

Àwọn ti Houston tilẹ̀ sàn. Owó ara wọn ni wọ́n ń ná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí ariwo ta pé àwọn aṣòfin Àbújá ń ra Land Cruiser tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 náírà, Sẹ́nátọ̀ Sunday Karimi ṣàlàyé fáyé pé ọ̀nà Nàìjíríà ló bàjẹ́. Àwọn tó ń buwọ́ lu owó àtiṣe ọ̀nà ni wọ́n ra ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é.

Bó bá sì jẹ́ ewu ni àwọn ará Energy Corridor ń wá, kí ni wọ́n ń rin ìrìn wákàtí kan fún? Ẹ̀yìnkùlé wọn ni Addicks àti Barker wà, dáàmù méjì tí àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà kọ́ ní àwọn ọdún 1940, nítorí omíyalé 1929 àti 1935. Gbígbẹ ni inú wọn máa ń gbẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Inú Barker ni George Bush Park wà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Oníṣòwò ilé rí ilẹ̀ gbígbẹ, ó kọ́lé dé ibi tí omi lè kún dé. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, omi kún, wọ́n ṣí dáàmù lọ́jọ́ 28, ilé òkè dáàmù rì, ilé ìsàlẹ̀ dáàmù rì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èèyàn lójú títì. Ọ̀pá ìmí jíìpù kò gba ẹnikẹ́ni là. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ dá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́bi lórí àwọn ilé tó wà lókè dáàmù.

Bí wọ́n ti ń darí bọ̀ lálẹ́, Bàbá rí òkìtì ilẹ̀ gígùn kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ọmọ ní ó ń dá omi dúró bí òjò bá pọ̀ jù.

"Ilé tìrẹ wá ńkọ́? Ìhà ibo lomi máa wà?"

"Bàbá, súyà ṣì kù nínú kúlà o. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"