Ilé Gbalasa, Mo Kí Ọ

Ilé Gbalasa, Aláìníganna, A-bá-afẹ́fẹ́-ṣeré-láìkanlẹ̀kùn, A-gbé-ìdáná-pàdé-àlejò, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọ, gbogbo ará ilé sì rí mi, nítorí kò sí ibi tí ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ sí nínú rẹ tí ojú kò níí tó o.

Ọmọ Frank Lloyd Wright, ẹni tí ó ya àwòrán ilé Robie, tí wọ́n kọ́ parí ní Chicago ní 1910, tí kò fi ohun kan la àárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun bí kò ṣe ibi ìyáná. Ọmọ Mies van der Rohe, ẹni tí ó kó gbogbo ìgbé ayé Dókítà Edith Farnsworth sínú yàrá onígíláàsì kan ṣoṣo létí odò ní Plano, ní Illinois, ní 1951, títí obìnrin náà fi ń ráhùn pé òun kò lè gbé garawa ìdọ̀tí sábẹ́ sínkì kí ará ìta má rí i. Òun àti Mies tí ó ya àwòrán ilé náà pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí owó. Ìyẹn náà wà nínú oríkì rẹ, má bínú.

N kò níí fi oore rẹ pamọ́ (ta ni í fi nǹkan pamọ́ nínú rẹ?). Nínú rẹ ni ìyá ọmọ ti ń ro àmàlà tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ tí ń rákò. Owó búlọ́ọ̀kù sì dín lọ́rùn onílé.

Ṣùgbọ́n, Agbóòórùn-irú-wọ-agbádá, bí ata bá ta sínú epo gbígbóná nínú rẹ, àlejò a sín, àga tìmùtìmù a sì gba òórùn ọ̀sẹ̀ kan mọ́ra. Àwọn baba wa, tí wọ́n fi àgbàlá sáàárín agbo ilé kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Wọn kò ní kí á gbé ìkòkò náà síwájú àlejò. Ìwọ ni o sọ òwe àgbà di aláìnílé: a ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, aláǹgbá inú rẹ ń wá ògiri tí yóò lanu, kò rí. A ní ògiri létí. Etí ìyá ìyàwó mi ni ó rọ́pò rẹ̀.

Ní ìjẹta, ìyàwó mi fi ojú bi mí láti ìdí sítóòfù pé ẹran mélòó ni kí òun bù fún àlejò. Mo rọra na ìka kan. Àlejò náà, tí ó jókòó sáàárín wa, wúkọ́, ó sì na méjì.