Ẹ̀gbọ́n Agbọ́tán

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ óò bá a ní Òkè-Àdó tàbí Mọ́kọ́lá. Ní Èkó, Súrùlérè ni ó pọ̀ sí jù. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì ti mú un lọ sí ìlú òyìnbó, ẹ lè pàdé rẹ̀ ní Peckham níbi tó ti ń ná iṣu. Ọkùnrin ni. Ó ti lé dáadáa ní ẹni àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó sì ní àpótí àwo orin kan tí ìyàwó rẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ti kéde fún tẹbí tọ̀rẹ́ pé lójoojúmọ́ ayé, òun yóò máa gbọ́ àwo orin méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀kan àtijọ́ tí òun ti fẹ́ràn tipẹ́, ọ̀kan tuntun tí òun kò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 10. Ìyẹn la fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Agbọ́tán.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè yóò ní àgbà gidi rèé. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, orin tí a gbọ́ nígbà tí a ń hu irùngbọ̀n ni etí ń fẹ́ máa padà sí. Ẹni tó bá wá fi tipátipá mú etí ara rẹ̀ jókòó ti orin àwọn ọmọ, ìyìn tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n díẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ojú tí ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń wo àpótí arìnrìn-àjò ní Sèmè ni ó fi ń wo àwo tuntun: kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń wá.

Àwo àtijọ́ ló ni òwúrọ̀. Bí NEPA bá ti mú iná wá, Ẹ̀gbọ́n á wẹ̀, á wọ síńglẹ́ẹ̀tì tó mọ́, á wá rọra fa àwo náà yọ nínú páálí rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ni yóò dì mú. Á fẹ́ eruku orí rẹ̀ fùú, á fi aṣọ tó fi ń nu awò ojú nù ún yíká. Abẹ́rẹ́ giramafóònù rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì rí òmíràn rà; nítorí náà ó ní owó kọ́bọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó jáde ní 1973, tó máa ń gbé lé apá ẹ̀rọ náà lórí kí abẹ́rẹ́ má baà máa ta kiri. Ká ní Fuji Garbage tí Síkírù Àyìndé Barrister gbé jáde ní 1988 ló kàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn kì í jókòó lé, á di ojú, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀lé ìlù lórí apá àga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ din ẹyin. Ọmọ tó bá wólẹ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, sà,” ìka kan ni yóò gbé sókè dá a lóhùn. Àwo náà ní àpá lára, ó sì máa ń fò níbì kan. Ẹ̀gbọ́n ti há fífò yẹn sórí, òun náà á fò ó lẹ́nu. Nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ bá a wá èyí tí kò fò, ó ní wọ́n ti ba orin náà jẹ́.

Àwo tuntun kò rí irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Orí ìrìn ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Made in Lagos tí Wizkid gbé jáde ní 2020, inú Micra ló ti gbọ́ ọ láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, èèyàn mẹ́rin fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, rédíò dẹ́rẹ́bà ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, iyápíìsì tí ọ̀kan nínú etí rẹ̀ ti kú ló sì fi sétí. Ó gbọ́ ti Tems lórí ìlà epo. Ó gbọ́ ti Ayra Starr nígbà tí wọ́n ń gẹ irun rẹ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn létí. Kì í jẹ́ kí orin kankan parí. Ó ní òdodo lòun fẹ́ ṣe, nítorí náà òun máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní odindi ìṣẹ́jú kan kí òun tó pòṣé, kí òun sì tẹ èyí tó kàn. “Ó ti yé mi,” ni yóò wí. Bí orin méjìlá tó wà nínú Mr. Money With The Vibe tí Asake gbé jáde ní 2022 ṣe tán nìyẹn kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìdájọ́. Ẹ ó rí i lórí Wásáàpù rẹ̀: “Fuji Garbage, 10. Kò tún sí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Asake, 3. Ọmọ náà gbìyànjú.” Àtijọ́ kì í gbà ju 10 lọ torí pé máàkì tán níbẹ̀, tuntun kì í sì í kọjá 5. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe èèṣì. Wizkid gbé Morayo jáde ní 2024, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó di olóògbé sọ àwo náà, Ẹ̀gbọ́n sì fún un ní 6 nítorí pé ọmọ náà rántí ìyá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti béèrè bóyá ara rẹ̀ le.

Ẹ má jẹ́ kí a pa irọ́ mọ́ ọn, Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rí tó ń tọ́ka sí. Ó ní orin àwọn ọmọ yìí kúrú jù. Òótọ́ ni: HEIS tí Rema gbé jáde ní 2024, orin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó 30 ìṣẹ́jú. Ó ní nígbà tàwọn, Sunny Adé lè gba odindi ojú àwo kan láìdánu dúró. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kì í fi kún un ni pé ojú àwo kò gbà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, àti pé agbo àríyá ni orin yẹn ti wá, níbi tí olórin kò lè dákẹ́ nígbà tí olówó ṣì ń ná an lówó níwájú orí. Lónìí, iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ orin ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe bó ṣe gùn tó. Láyé àná, láyé òní, ibi tí owó bá ti ń jáde ni olórin ń gbé orin gbà.

Ó ní owó ni wọ́n ń kọ lákọtúnkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ èyí, Oroki Social Club tí Hàrúnà Ìṣọ̀lá ṣe ní 1971 ló fún ní 10, àwo tó fi yin ẹgbẹ́ afẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo. Bí Asake bá dárúkọ owó, ojúkòkòrò ni; bí Hàrúnà bá kan sáárá sí olówó, àṣà wa ni. Ó ní ẹnu wọn ń rùn. Ẹni tó ń sọ èyí ní àwo Fela ti 1975 nínú àpótí, èyí tí Fela fi ìgbẹ́ olówó ńlá ṣe àkọlé rẹ̀, torí pé ọlọ́pàá tì í mọ́lé, wọ́n ń dúró kó ṣu kí wọ́n lè wá igbó nínú rẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ń bọ̀ wá kí wọn nílé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwo yẹn ń lọ.

Ó tún ní wọ́n ń yá ohun àjèjì lò, pé kí ni tiwa pẹ̀lú ìlù amapiano tí wọ́n kó wá láti South Africa? Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fẹ́ rán Ẹ̀gbọ́n létí pé gìtá tó ń fà gùn-ún nínú Juju Music, àwo Sunny Adé ti 1982, tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórin darandaran Amẹ́ríkà ni ayé ti mọ ohùn rẹ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ Stevie Wonder fúnra rẹ̀ fọn hamóníkà nínú Aura ní 1984. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ní Sunny ló gba Stevie lálejò.

Ní ti èébú, ibẹ̀ ló ti wá gbọ́n jù. Bí àwọn ọmọ méjì bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn nínú orin, àìrí ẹ̀kọ́ ilé ni. Àmọ́ ẹ bi í léèrè nípa Barrister àti Kollington ní àwọn ọdún 1980, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe là. Yóò sọ àwo tí ẹni èkíní ti bú ẹni èkejì, àwo tí ẹni èkejì ti fèsì, ọ̀rọ̀ tó dun ẹnìkan jù àti ibi tó ti dùn ún. Yóò lu itan, yóò rẹ́rìn-ín dé àyà. Ìyẹn kì í ṣe èébú lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ni.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè bàbá tó bí i. Bàbá náà kò ka ẹlòmíràn sí olórin lẹ́yìn Hàrúnà àti Yusuf Ọlátúnjí. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wà ní girama tó sì ń fi fújì da ilé láàmú, bàbá máa ń pariwo láti yàrá pé kí ó pa orin àwọn ajísààrì yẹn, ṣé ààwẹ̀ ti dé ni? Kì í sì í ṣe pé bàbá parọ́: lára orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì ni fújì ti jáde. Ẹ̀gbọ́n kò dárí ji bàbá rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn jogún rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ìyanṣẹ́lódì lé wálé láti yunifásítì, ló dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ìlù nìkan ti ń dún.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ èyí. Mélòó lẹ máa fún un?”

Ẹ̀gbọ́n dẹ etí sílẹ̀ díẹ̀, ó yínmú. “Ẹ̀rọ lèyí. Kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń lu gbogbo rẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ mọ ìlù mọ́. 2.”

“Ẹ dúró kó dé ibi ohùn, sà.”

Ohùn dé. Barrister ni. Ojú kejì àwo kan tí Ẹ̀gbọ́n ti fún ní 10 lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ojú tí kò yí i sí láti ọdún tó ti rà á. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò sọ ohun tí à ń pe ẹni tó gbọ́ ojú kan dá. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yára wọ kíṣìnnì lọ kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n gbé awò ojú sókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ní: “Ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ? Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí i!” Lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú kejì gba 10.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, kò burú. Tèmi ò sí lórí máàkì. Kí olúkúlùkù máa fẹ́ràn ohun tó fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n jókòó gbọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká tú àpótí yẹn wò. Ìdajì àwo inú rẹ̀ ló yá, kò dá a padà. Ẹ̀yìn Oroki Social Club rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn tí wọ́n fi báírò kọ, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá yá a dá a padà. Èyí tí kò sí nínú àwo wà nínú sídì àkópọ̀ tí wọ́n dà ní Alábà, ọgọ́rùn-ún orin nínú ọ̀kan, tí olórin kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí ló wà lórí Spotify báyìí, ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí nǹkan kékeré wọlé fún àwọn tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohùn ibẹ̀ kò gbóná tó, àti pé kí lòun fẹ́ máa sanwó sí fún orin tí òun ti mọ̀ láti kékeré?

Àwọn orin tuntun ńkọ́? Spotify náà ni. Láti ìgbà tó ti wọ Nàìjíríà ní 2021 ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti so káàdì báńkì Ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn, wọ́n sì ń yọ owó níbẹ̀ lóṣooṣù kí Ẹ̀gbọ́n lè rí tuntun gbọ́ kí ó sì bú u. Ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ òṣé, kì í sì í ka máàkì. Bí orin bá ti dún kọjá 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti kà á nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n sì rèé, olódodo èèyàn, odindi ìṣẹ́jú kan ló máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀dọ́ kan ní òpópónà wọn tó ń náwó sórí àwọn ọmọ yìí tó o. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá kiri.

Ọkùnrin tó ń pariwo pé kí orin àwọn bàbá wa má parun kò tíì ná kọ́bọ̀ lé e lórí láti ọdún gbọọrọ, àfi kọ́bọ̀ tó wà lórí abẹ́rẹ́. Ìdájọ́ rẹ̀ kò sì yí padà. Hàrúnà gba 10. Asake gba owó.