Àkísà Tí Owó Rà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tí ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀: bí àwọn ọmọ àná bá ń wọ léèsì tó ń dán níwájú rẹ̀, ó ṣì ní ohun kan nínú àpótí tí wọn kò lè rí rà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò mọ̀ pé àkísà yóò dọjà. Ó ti dọjà báyìí o. Ní Kaduna, ọkùnrin tó ra Prado, tó tún ra Land Cruiser lé e, wo ọ̀tún wo òsì ní Ungwan Rimi, ó rí i pé gbogbo aládùúgbò òun ló ní irú rẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan ló kù tí owó rẹ̀ kò tíì rà, ló bá ránṣẹ́ sí àwọn alágbàtà pé kí wọ́n wá Peugeot 504 fún òun, èyí tó gbó dáadáa. Wọ́n rí i. Ó sanwó. Ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí wọ́n bó gbogbo ọjọ́ orí náà kúrò lára rẹ̀. Ó ra àkísà tán, ó ní kí wọ́n bá òun fi sítáàṣì sí i.

Ó yẹ kí a mọ irú aṣọ tí àkísà yìí jẹ́ rí. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ọdún 1969 ní Yúróòpù. Ìjọba Gowon tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà ní 1972, nígbà tó sì di 1975, iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Kakuri, ní Kaduna, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jáde. Akọ̀wé àgbà ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ń wà á, èyí tó gùn lẹ́yìn sì ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà ń re ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olówó oṣù, tọ́kúnbọ̀ sì gba ìgboro. Faransé ti jáwọ́ nínú 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin láti 1983. Kaduna kò jáwọ́, ó ń tò ó lọ títí ó fi wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun. Nítorí náà, 504 tó ti Kakuri jáde kì í ṣe ohun àtijọ́ ará Yúróòpù tó ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ wa. Ọmọ ìlú ni.

Ìlú náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rí iṣẹ́ àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà, wẹ́dà, rẹ́wáyà àti àwọn tó ń ta páàtì ní Panteka, ní Tudun Wada, wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lábẹ́ ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀tù tí kò bá ìkejì rẹ̀ mu, ìjókòó tí wọ́n fi awọ mìíràn rán. Àkísà inú òwe gan-an nìyí: kì í ṣe gbígbó lásán, bí kò ṣe ohun tí ènìyàn lò títí ó fi ya, tó rán an, tó tún ń lò ó. Èyí náà ni olówó tuntun kò lè fojú rí. Ó ní iṣẹ́ jákujàku ni. Wọ́n á ha ọkọ̀ dé irin, wọ́n á kùn ún títí á fi máa kọ mànà, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé ti Toyota sí i, wọ́n á ki tẹlifíṣọ̀n kékeré bọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti dá a padà sípò. Ipò wo? Kò sí ọjọ́ kan tí 504 wà ní ipò bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtọ́jú gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Wo kọ́ńtáàkì inú dísítríbútọ̀ ọkọ̀ náà. Ojú irin kékeré méjì ni, tó ń pàdé, tó ń pínyà bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Bí wọ́n bá ti pínyà, iná inú kọ́ìlì á já, agbára ńlá á sì fò lọ sẹ́nu plọ́ọ̀gì láti tan epo. Bó pẹ́, ojú wọn á jó, á dúdú, ọkọ̀ á kọ̀, kò ní dìde láàárọ̀. Oògùn rẹ̀ kò ju kí ènìyàn fi sáńdípépà fífẹ́lẹ́ ra ojú wọn, kó nù wọ́n, kó sì wọn àlàfo àárín wọn. Owó rẹ̀ kéré, ẹni tó ń wo ọkọ̀ láti ìta kò sì lè rí i. Ó jọ pé ìdí tí àwọn olówó tuntun kò fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àrùn kí a máa kun ọjọ́ orí mọ́lẹ̀ yìí kò mọ ní Kaduna. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ pinball wà, tí wọ́n fi ń ta bọ́ọ̀lù irin kékeré káàkiri orí pákó. Ní 1942, La Guardia, olórí ìlú New York, ní tẹ́tẹ́ ni, ó fòfin dè é, ó sì mú kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ. 1976 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Wáyà àti ojú kọ́ńtáàkì ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á jókòó sílé, á máa ra ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á da fáńíìṣì bo pákó rẹ̀ títí àpá bọ́ọ̀lù kan kò fi ní hàn níbẹ̀ mọ́. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ òòlù La Guardia, fáńíìṣì ló pa á.

Wọ́n á ní owó àwọn ni, ọkọ̀ àwọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sófin tó ní kí ènìyàn má fowó ara rẹ̀ ṣòmùgọ̀. Àwíjàre wọn tó lágbára jù ni pé ìpẹtà kì í dúró lójú kan, àti pé bíréèkì tó ti gbó lè pa ènìyàn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Òtítọ́ ni. Irin tó ti jẹrà, kí wọ́n gé e. Táyà, rọ́bà bíréèkì, páìpù epo, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé wọn yóò máa gbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi bíréèkì dẹ́rù bà wá, bíréèkì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń náwó lé. Ọ̀dà ni. Wọ́n tún ní páàtì kò sí mọ́. Ní Panteka? Èyí tí kò bá sí, wọ́n á rọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ Peugeot tó ń dán ni wọ́n ń wá, láti 2022 ni iléeṣẹ́ tí Dangote lọ́wọ́ sí ti ń to tuntun ní Kaduna níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpẹtà ti di oge, àwọn kan sì ti ń sanwó fún pẹ́ńtà kó ya á sára ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Kò ní pẹ́ tí oníbàárà irú rẹ̀ á fi gbé 504 tó ń kọ mànà wá sí Panteka, tí á ní kí wọ́n bá òun kun ọjọ́ orí padà sí i, díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, díẹ̀ lábẹ́ iná. Àwọn ọmọ Panteka á ṣe é. Wọ́n á dá bàbá arúgbó kan tó ń wa 504 tirẹ̀ kọjá dúró, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó páàkì díẹ̀, wọ́n á máa wò ó kun ti aláṣejù. Owó iṣẹ́ náà á sì ju ti ọ̀dà lọ.