Wọ́n Di Ṣùkú fún Ajá ní Ìkòsí

Ẹ ò tíì gbọ́? Ìyàwó tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ti ra ajá. Kì í ṣe irú ajá tiwa o, èyí tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò tó sì ń bá wa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Lhasa ni! Irun bò ó láti orí dé ilẹ̀. Ìyá Alákàrà ní òun rò pé ìnulẹ̀ ni wọ́n sá sóòrùn, àfìgbà tí ìnulẹ̀ gbó mọ́ òun. Ẹ má sì rò pé mò ń yọjú wo ilé onílé. Fèrèsé mi ló kọjú síbẹ̀.

Orúkọ tó sọ ajá ọ̀hún gan-an ló bí mi nínú. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá kì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Ẹni tó bá ń bá aládùúgbò ṣe kùn-ún-kùn-ún á sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò tàbí Tanímọ̀la, á máa pe ajá, ọ̀rọ̀ á máa ba ẹni tó ń bá wí. Ìyàwó sọ tirẹ̀ ní Ṣọ́nurẹ. Ìgbà tó bá rí mi lójú fèrèsé ló sì máa ń pè é jù. Kò kàn mí.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ọmọ ajá sínú báàfù, ó da omi lé e lórí, ó bu ọṣẹ ìfọṣọ sí i, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bó o. Irun tó ti lọ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn etí àti lábíyá bá dì gbagidi. Ó mú òòyà ike, òòyà kán. Ajá ké, àwọn ọmọ ké, ìyàwó náà ké.

Onídìrí iwájú ilé ló sáré wọlé tòun ti òwú lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ta ní ń domi sórí tó ta kókó? Ìyarun ló ń ṣáájú omi!" Òótọ́ ló sọ. Kókó tí omi bá wọ̀, bó bá gbẹ, ṣe ló ń fún sí i. Ó fìdí lé àpótí, ó gbé Ṣọ́nurẹ lé ẹsẹ̀, ó fi ìka méjì di ìdí irun mú kó má baà fa awọ, ó wá ń fi òòyà irin yà á láti ṣóńṣó, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìdí. Kókó kan lábíyá ò gbọ́ràn. Ó ki òòyà sáàárín kókó àti awọ, kó tó fi sísọ́ọ̀sì gé e lókè òòyà. Bí sísọ́ọ̀sì bá ṣìnà, irin ló máa bá. Nígbà tó parí, ó kó irun iwájú orí jọ, ó fi rọ́bà dì í ní ṣùkú, ojú ajá bá yọ. Orí tèmi rèé, láti ọdún Iléyá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dì í.

Ọmọ yunifásítì tó wà lókè bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Tibet ló máa ń sin irú ajá yìí láyé àtijọ́, pé lọ́dún 1933 ni Dalai Lama kẹtàlá fi irú rẹ̀ ta C. Suydam Cutting, ará Amẹ́ríkà, lọ́rẹ. Ó ní ìlú Lhasa fi nǹkan bí 3,650 mítà ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹran tí Ọlọ́run wọ ẹ̀wù òtútù fún ni wọ́n wá gbé wá sí Ìkòsí-Kétu yìí, kí iná lọ, kí òórùn tòmátì ọjà Mile 12 tún kún un. Ajá ò sì ń làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ahọ́n tó yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ló fi ń tura.

Lándìlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n gbé e lọ fún onígbàjámọ̀ kó fá a kodoro. Onígbàjámọ̀ ní bí wọ́n bá rí irun ajá lára kílípà òun, oníbàárà wo ló máa padà wá? Ó gbọ́n. Kí wọ́n gé e kúrú tó. Bí wọ́n bá fá a kan awọ, oòrùn á jó o.

Dókítà ẹran ló wá là á. Ó ní kó jáwọ́ nínú ọṣẹ ìfọṣọ, awọ ajá kì í ṣe awọ ènìyàn, ṣàmpú ajá ni kó rà. Kó nù ún gbẹ dé abíyá, torí ọ̀rinrin ń sọ awọ di egbò. Kó máa tú irun wò nítorí eégbọn, pàápàá inú etí àti àárín ìka. Èékánná, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kó gé, torí iṣan wà nínú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kó fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ibẹ̀. Ọmọ ajá ti pé oṣù mẹ́ta, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyẹn ni mo dúpẹ́ fún jù, torí èmi àti Ṣọ́nurẹ la jọ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá.

Ẹni tí kò bá ráyè ya irun ajá lójoojúmọ́, irú tiwa ni kó rà. Onídìrí ò gba òòyà irin rẹ̀ padà mọ́, òmíràn ló ń bèèrè. Ẹni tó bá ń ti Mile 12 bọ̀ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra ọ̀kan. Owó wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ẹ má ṣáà sọ pé èmi ni mo rán yín.