Sí Ọ̀gbẹ́ni Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n, Ọmọ Ẹdẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo padà dé Ìbàdàn? Ará ilé ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé láti ìgbà tó o ti lọ ni àwọn ti ń ráyè wo fíìmù débi tó parí sí. Ìyá àgbà dìídì bẹ̀ ọ́: tó o bá tún wálé, tí wọ́n bá gbé Jagun Jagun sí i, jẹ́ kí òun fúnra òun kígbe pé ẹ̀san ń bọ̀ lórí Ògúndìjì, ọ̀gá ogun inú rẹ̀. Iṣẹ́ òun nìyẹn, má gbà á lọ́wọ́ òun.

Mo mọ ẹ̀sùn rẹ. O ní kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára wọ abẹ́ ọ̀gá ogun, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀, ó ń gbé iṣẹ́ ikú fún un, ọmọ ọ̀gá sì yófẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló ń sọ ọ́? Ọmọ Ẹdẹ! Kí ni Ṣàngó fojú Tìmì Àgbàlé rí? Ọfà iná rẹ̀ ń kọ Ọ̀yọ́ lóminú, ni wọ́n bá ní kó lọ máa ṣọ́ ojú ọ̀nà ní Ẹdẹ, bóyá ibẹ̀ ni yóò kú sí. Kò kú, ó gbilẹ̀. Ni wọ́n bá tún rán Gbọ̀nńkáà, jagunjagun mìíràn, sí i, kí ọ̀kan lè bá wọn pa èkejì. Dúró Ládiípọ̀ gbé e sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ọba Kò So, nígbà tó di 1964 wọ́n ti gbé e dé Berlin. Ta ni nínú àwọn ará Òṣogbo wọ̀nyẹn tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣàngó yóò já sí? Ká ní ìwọ wà níbẹ̀, wàá ti dìde kí Gbọ̀nńkáà tó pe ọfọ̀ kan.

Ẹni tó ti wo púpọ̀ nìkan ló ń rí àwòkọ, àbúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. 1978 ni Ládiípọ̀ ti kú, ọmọ náà kò bá a láyé. Lójú tirẹ̀, Gbọ́tìjà, ọ̀dọ́mọkùnrin inú Jagun Jagun, ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó pàṣẹ fún igi tí igi sì gbọ́. Ọdọọdún ni irú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, wọn kì í sì í béèrè lọ́wọ́ rẹ kí ẹnu tó yà wọ́n.

Àbí o ti gbàgbé Tutùọlá? Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀mu-ẹmu jáde ní London ní 1952, àwọn òyìnbó ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Nílé níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń kùn pé àlọ́ ìyá àgbà ni, pé Fágúnwà ló wò kọ. Ìwé kan náà ni o! Fágúnwà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1938 ó fi ìwé kó wa wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ní 1949 ó di Igbó Olódùmarè, ní 1954 a tún kó ẹrù, ó di Igbó Elégbèje. A tẹ̀ lé e wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1967, Fátànmí náà tún kó wa lọ sí Igbó Àdìmúlà.

Àwọn tó ń náwó sí fíìmù mọ èyí ju ìwọ lọ. Ní 2022, Agẹṣinkólé tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ ní ilé sinimá. Ní ọdún kejì, òun kan náà gbé Jagun Jagun sórí Netflix. Ta ni yóò kó owó rẹ̀ sínú ohun tí kò sẹ́ni tó rí i rí, nígbà tí oríṣi èyí ti tà? Èmi náà kì í ṣe afọ́jú. Ó sú mi kí n máa rí aṣọ òfì tuntun gbáú lára ẹni tó ní òun ti sùn nínú igbó fún ọdún mẹ́ta, àti mànàmáná kọ̀ǹpútà tó ń jáde lójú babaláwo. Bú ìyẹn bó o bá ṣe fẹ́, èmi yóò gbè ọ́.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan. Ní 1977, Terry Brooks ní Amẹ́ríkà kọ The Sword of Shannara, ó tẹ̀ lé Tolkien débi pé àwọn olólùfẹ́ Tolkien bínú. Ìwé náà tà wàràwàrà. Tolkien tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ yẹn, inú ewì àtijọ́ kan láti Iceland ló ti ṣa orúkọ Gandalf.

Ìyá àgbà kò béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà ló ń ṣọ́: irú ọfọ̀ wo, ta ni yóò kọ́kọ́ da ọ̀gá rẹ̀, báwo ni ojú alágbára ṣe máa rí nígbà tó bá yé e. Bí o bá ti sọ òpin, ìyẹn kò dùn ún. Pé o sọ ọ́ bo ọfọ̀ mọ́lẹ̀ ló dùn ún.

Èyí tó kù: ìwé tó o gbàgbé sábẹ́ ibùsùn. Mo ti kà á. Ọmọ òrukàn, àbúrò bàbá rẹ̀ gba adé mọ́ ọn lọ́wọ́, ọdẹ arúgbó tọ́ ọ dàgbà nínú igbó, àmì kan wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n, Ọ̀gbẹ́ni! Orí kẹta lo dúró sí, níbi tí wọ́n ti ká a mọ́ inú ihò. Mo kà á sí ìyá àgbà létí, wọn kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà náà. Jọ̀wọ́, fi orí kẹrin ránṣẹ́ kó tó di Iléyá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.