Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin
Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gboyì jù ní Yunifásítì Èkó kò sí nínú ọgbà rẹ̀ ní Akọka rárá: inú dánfó tó ń ti Ìkòtún lọ sí Òṣòdì ló wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò ti wọ kíláàsì. Ìṣirò ni ṣéńjì tí kọ́ńdọ́ kò fẹ́ dá padà; ìmọ̀ ẹ̀dá ni ìgúnpá ẹni mẹ́rin lórí àga ẹni mẹ́ta; sùúrù sì ni kọ́ọ̀sì tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́.

Ẹ lè ní kó lọ gbé inú ọgbà. Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ fún bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ o! Ẹ lè ní LASU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, súnmọ́ Ìgàndò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n títì Ìyànà Ìbà náà ní olùkọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ dáṣẹ́ sílẹ̀, Akọka pa lọ́lọ́. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìkòtún kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́ńdọ́ jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n.