Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Àwọn Tó Fẹ́ Kí N Pẹ́ Láyé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ìlú òyìnbó yìí yí látijọ́, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi. N kò pa èèyàn, n kò jalè, n kò jẹ ìjọba lówó orí, síbẹ̀ nínú ilé tí èmi fúnra mi ń san owó rẹ̀ ní Fairburn, ní Georgia yìí, bòókẹ́lẹ́ ni mo fi ń jẹ èbà. Bòókẹ́lẹ́ o! Èmi ọmọ tí wọ́n fi òkèlè tọ́ dàgbà!

Èjìká ló ń dùn mí tí mo fi lọ rí dókítà, torí ẹrù tí à ń gbé níbi iṣẹ́ alẹ́ wa nílé ìkẹ́rùsí. Èjìká ni mo sọ. Wọn ò wo èjìká o, apá ni wọ́n dì mú, wọ́n wé rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n fún un bí ẹni ń fún ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi yan gàrí, wọ́n wo nọ́ńbà, wọ́n mirí. 134 lórí 84. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ní, "Dókítà, ṣebí ó dìgbà tó bá dé 140 lórí 90?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn àgbà oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ti já a wálẹ̀ láti ọdún 2017, 130 lórí 80 ló kù. Ẹ gbọ́ ná! Àìmọye èèyàn ló sùn lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà pẹ̀lú ara líle, tí wọ́n jí láàárọ̀ tí wọ́n di oníwàhálà ẹ̀jẹ̀ ríru, láìjẹ pé ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ wọn lóru. Nídìí ayò wo ni wọ́n ti ń yí òfin padà nígbà tí ọmọ ayò ti wà lọ́wọ́ èèyàn?

Kò tíì tán. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pé 50 ọdún ni wọ́n ń rọ̀ pé kó lọ yẹ ìfun ńlá wò nítorí jẹjẹrẹ. Mo fọkàn balẹ̀, mo ní ọ̀nà ṣì jìn. Àfi bí wọ́n ṣe fà á wálẹ̀ sí 45 ní 2021. Sí 45! Ta ni wọ́n lúgọ dè níbẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é mọ̀ ọ́n: wọn á ní kí o má jẹun, wọn á fún ọ ní omi oògùn kan mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ti mọ́ bá ọ, lọ́jọ́ kejì wọn á wá ti kámẹ́rà gba ibi tí n kò ní dárúkọ, torí àwọn ọmọdé lè máa kàwé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ fi nọ́ọ̀sì ṣaya ti mọ ìyókù. N kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tọ̀dọ̀ dókítà dé tí gbogbo Maggi inú ilé fi wọ àpò ìdọ̀tí. Ó ní àjọ ìlera àgbáyé sọ pé iyọ̀ èèyàn kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí kékeré kan, ó sì ní èyí tó wà nínú búrẹ́dì, nínú Maggi àti nínú ẹja inú agolo wà lára ìṣirò náà. Mo ní kí wá ló kù fún ọbẹ̀? Ó ní ata. Ó wá ra ewébẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní cauliflower, ó lọ̀ ọ́, ó rò ó lórí iná, ó gbé e síwájú mi, ó ní òkèlè ni. Mo bù ú, ó já bọ́. Mo tún un bù, mo tọ́ ọ wò, n kò rí ohun tí mo tọ́ wò. Ẹ̀gúsí ń wò mí, mo ń wo ẹ̀gúsí, àánú ara wa ń ṣe wá. Lọ́jọ́ tí ojú àánú bá sì là tí ìyàwó mi gbà kí n jẹ èbà gidi, ó ní kó má ju ìkúùkù lọ, mo nawọ́ tèmi síwájú, tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n!

Ẹ sì wá wo ìwà àwọn ará Atlanta tó múlé tì wá yìí. Níbẹ̀ ni John Pemberton ti po Coca-Cola ní 1886, agolo kan rẹ̀ ní gíráàmù ṣúgà 39 nínú. Níbẹ̀ kan náà ni CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, wà láti 1946, àwọn tó ń kìlọ̀ pé ká yéé mu ṣúgà inú agolo. Ibà ẹ̀fọn, ibà tiwa yẹn gan-an, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá ilẹ̀ ní 1947, Yunifásítì Emory gba dọ́là 10 péré lọ́wọ́ wọn lórí éékà 15 ní Clifton Road, ta ló sì ṣe alágbàwí? Robert Woodruff, ọ̀gá Coca-Cola fúnra rẹ̀, torí ibà ń jà níbi tó ti ń ṣọdẹ! Ẹ ti rí i báyìí? Ẹni tó ń ta á fún mi àtẹni tó ń kà á léèwọ̀ fún mi ti jọ jókòó ṣèpàdé kí wọ́n tó bí mi.

Dókítà tún ní kí n máa rìn, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún mi, ó ní 10,000 ni mo gbọ́dọ̀ pé lójúmọ́. Mo wádìí. Kì í ṣe dókítà kankan ló dá nọ́ńbà yẹn, àwọn ará Japan tó ń ta ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ ní 1965 ni wọ́n mú un wá kí ọjà wọn lè tà! Wọn kì í sì í jẹ́ ká wọ aago dẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà gbogbo ẹrù tí mo ru mọ́jú kò sí lákọsílẹ̀, mo délé tán, kinní náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi pé mo jókòó jù. Mo wá ní kò burú, mo jáde, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dé ibì kan ó dákẹ́, mo bọ́ sí etí títì, tírélà ń fẹ́ mi lọ fẹ́ mi bọ̀, ajá ń gbó mi láti ilé dé ilé, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ń ya mí bí olè, aládùúgbò dúró ó sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ ó ní ṣé ọkọ̀ mi ló bàjẹ́, torí ní Georgia ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀ràn ló bá a, kí n sì tó dá a lóhùn mo ti ń sín, mo ń sín, hàtíṣìn-ín, hàtíṣìn-ín, torí àtíkè igi páìnì ti bo gbogbo ìlú, iye àtíkè igi tí wọ́n kà nínú afẹ́fẹ́ Atlanta dé 14,801 lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta 2025, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ju 1,500 lọ ni wọ́n ń pè é ní èyí tó pọ̀ lápọ̀jù! Ìlera ni mo jáde lọ wá o, ojú wíwú ni mo gbé wálé.

Kí n tún sùn wákàtí 7. Èmi òṣìṣẹ́ alẹ́! Mo forí lé pílò láàárọ̀, réluwéè tó gba àárín Fairburn kọjá fun fèrè. Ó lọ tán, àwọn agékoríko tan ẹ̀rọ. Wọ́n pa á, fóònù dún: ìyá mi ni láti Ìkìrun, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí WhatsApp, kí n máa mu omi ewúro, kí n máa jẹ aáyù, kí n má fi omi tútù wẹ̀ lálẹ́. Ìgbà tó wá rí mi nínú fídíò, ó figbe ta: "Ha! Kí ló sọ ọ́ di gbẹrẹfu báyìí? Ṣé ìyàwó rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ ni?" Dókítà ní mo sanra, ìyá mi ní mo rù. Ta ni kí n gbà gbọ́?

N kò ní sọ̀rọ̀ àríyá Renaissance Festival tí wọ́n ń ṣe ní Fairburn yìí lọ́dọọdún láti 1986, tí wọ́n ń yan itan tòlótòló tó tó apá ọmọdé. Wọ́n mú mi lọ. Omi ni mo mu.

Ẹ sì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, 122 lórí 78. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Mo ní ó tó, ìyà ti tán, ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ìkòkò mi. Dókítà ní rárá o, nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kí n máa bá a lọ. Mo ní títí dìgbà wo? Ó ní títí ayé. Ẹ̀wọ̀n gbére, nítorí pé mo ṣe dáadáa!

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí mi lóde ìnáwó ní Union City tàbí College Park, tí mo dúró sẹ́yìn agbada pẹ̀lú àwo méjì lọ́wọ́, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má sì kí mi lórúkọ.